Ẹ Mú Ewé Kan Dé Òpin: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Egbòogi

Sí ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa egbòogi ní ẹ̀ka Pharmacognosy ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ṣàgámù àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nílẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìfaradà, nítorí mo mọ bí iná ṣe ń lọ lórí yín láàárín iṣẹ́, mo sì mọ iye tí wọ́n ń ta ìgò kẹ́míkà kan.

Apòògùn ni mí ní Ìbàdàn. Lẹ́kùlẹ́ja ni ìyá tó bí mi, ní Ọjà Bódè, wọ́n sì ṣì wà nídìí àtẹ títí di òní. Owó egbò àti èèpo igi ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ oògùn òyìnbó, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìdílé ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún mi lápá méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ mú ewé kan, kí ẹ tẹ̀ lé e dé òpin. Òpin náà lè jẹ́ oògùn tí èmi náà lè fi ọkàn balẹ̀ tà fún aláìsàn. Ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí ìyá mi má ta ewé ọ̀hún mọ́ láyé. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó dé òpin, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó fún yín ní ewé náà gbọ́ ohun tí ẹ rí.

Ẹ mọ ìtàn orin ata jù mí lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà gbangba ni èyí, àwọn mìíràn ń kà á pẹ̀lú yín. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wádìí bóyá lóòótọ́ ni àwọn orin tí à ń rún láàárọ̀ ń pa kòkòrò ẹnu. Nígbà tí wọ́n da omi orin ata sínú àwo ìdánwò tó ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n rí ohun tí wọn ò wá lọ síbẹ̀: pupa ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣá bó ṣe yẹ kó ṣá. Ẹlòmíràn ì bá da àwo náà nù, kó máa bá ti kòkòrò lọ. Wọ́n dúró, wọ́n bi ara wọn pé bí ohun kan nínú orin yìí bá ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kí ni yóò ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn tí gbogbo ayé ń pè ní sickle cell? Nínú àrùn yẹn, bí atẹ́gùn bá ti dín nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú àwọn iṣan tín-ín-rín, ibẹ̀ sì ni ìrora burúkú yẹn ti ń wá. Ní 1971, àwọn ará Ifẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin ata ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò ìdánwò.

Ọdún 1971 nìyẹn. Bí ẹ bá dé Ouagadougou lónìí, oògùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ FACA. Èèpo gbòǹgbò orin ata àti ti bomubomu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Burkina Faso ló ṣiṣẹ́ lé e lórí, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i kí wọ́n máa tà á fún àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde. Inú mi dùn sí i fún wọn, torí ọmọ ẹni lọmọ wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé orin ata ṣì wà lórí àtẹ ìyá mi, wọ́n ṣì ń tà á fún fífọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ rí pé ẹnì kan ní Ifẹ̀ tí ò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ ti rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn.

Ti Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa níbí, ló ká mi lára jù. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Rev. P. O. Ogunyale, ní àpòpọ̀ kan tó ń lò fún àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní àwọn ọdún 1990, ó gbà láti fi han ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àbújá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, tí gbogbo wa mọ̀ sí NIPRD. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ló ń darí ibẹ̀ nígbà náà. Wọ́n bá Rev. Ogunyale ṣe àdéhùn tó nítumọ̀, wọn ò kàn gba ewé lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì kí i pé ó dàbọ̀. Ohun mẹ́rin ló wà nínú àpòpọ̀ náà: hóró iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bódè mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jìnnà síra wọn lórí àtẹ. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ wọ́n. Iyèré ni a fi ń se ọbẹ̀ fún abiyamọ tuntun, osùn ni a fi ń kun ara ìkókó, pòròpòrò ọkà bàbà sì ni àwọn lẹ́kùlẹ́ja ń tà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Wọ́n dán an wò lára ẹranko, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001, àwọn alárùn 82 ló kópa láàárín oṣù 12. Wọ́n fún wọn ní oògùn gidi fún àkókò kan, wọ́n sì fún wọn ní ayédèrú tó jọ ọ́ fún àkókò kan, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ èyí tó jẹ́ èwo. Nígbà tí wọ́n ń lo oògùn gidi, ìrora tó máa ń dá wọn dùbúlẹ̀ dín kù. Ní Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá ìwádìí tiwọn, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà kọ́ nìyẹn, wọ́n sì ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ní 2002, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti New Jersey ní àṣẹ láti máa ṣe é. Ní oṣù Keje 2006, wọ́n kó o jáde ní Àbújá, orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jà sì ni Nicosan. Nígbà tó di 2008, gbèsè ti wọ Xechem lọ́rùn débi tó fi sá lọ sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe iyèré ló jẹ gbèsè, kì í sì í ṣe osùn ló ṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà.

Mo rántí àwọn òbí tó ń wọlé wá béèrè Nicosan lọ́wọ́ wa lásìkò yẹn, tí à ń sọ fún wọn pé kò sí. Ìyá ọmọ kan ní òun ti mọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀, òun á lọ rà á ní Bódè, òun á lọ̀ ọ́ nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ló sọ nǹkan mẹ́rin yẹn di oògùn, bí wọ́n ṣe fa omi rẹ̀ jáde tí wọ́n sì gbẹ ẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń rí i dájú pé èyí tí wọ́n ṣe lóṣù yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá. Obìnrin náà gbọ́ mi. Ó dìde, ó lọ láìmú nǹkan kan dání.

Dókítà ọmọdé kan lọ́dọ̀ wa, Oye Oniyangi, pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, kó gbogbo ẹ̀rí tó wà nípa egbòogi fún fòníkú-fọ̀ladìde jọ fún Cochrane, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ẹ̀rí ìwòsàn wò, wọ́n sì fi ojú tó mú yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó jọ pé Niprisan ń dín ìrora líle kù, ṣùgbọ́n kò yí àìtó ẹ̀jẹ̀ padà, ìdánwò tó tóbi ju èyí lọ sì ṣì yẹ kó wáyé. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má fi hydroxyurea, oògùn òyìnbó fún àrùn yìí, tí dókítà kọ fún wọn sílẹ̀ tìtorí àgbo ẹnikẹ́ni, torí ìyẹn ti gba ojú ìdánwò ńlá kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ibí yìí gan-an ni mo ti ń wá yín. Ìdánwò ńlá ń béèrè owó ńlá, mo mọ̀ pé ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ní yunifásítì kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀ tí kò béèrè owó tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yin nìkan sì lè ṣe. Iyèré tó ti Oǹdó wá àti èyí tó ti Ìkòm wá, ṣé nǹkan kan náà ló wà nínú wọn? Èyí tí wọ́n ká nígbà òjò ńkọ́? Èyí tó ti jókòó sínú àpò fún ọdún kan ńkọ́? Igi ni osùn, igi kì í dàgbà lọ́dún kan. Ta ló ń gbìn ín, níbo, igi mélòó ni wọ́n sì máa gé kí oògùn tó kárí àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀? Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú iyèré nìkan, tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì bá a lọ láti ibi tí wọ́n bá a dé, láàárín ọdún díẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe oògùn náà á ní ohun tó máa tẹ̀ lé. Lẹ́ẹ̀kan tí ilé-iṣẹ́ kan bá tún ṣubú, ìmọ̀ náà ò ní bá a ṣubú.

Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń rí ní Bódè. Ọmọ iléèwé á dé pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. Á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, ọmọ tó kọ́ ilé ni wọ́n. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa ń lò fún ibà?" Màmá á sọ. Wọ́n á fi han an, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n máa ń fi tì í, wọ́n á bù díẹ̀ fún un láìgba owó, torí pé ó ń kàwé. Ọmọ náà á gbé e lọ sí ilé ewé gbígbẹ ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ní Jericho ní Ìbàdàn, wọ́n á bá a dá a mọ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Á gún un, á rẹ ẹ́ sínú methanol, kẹ́míkà olómi tó ń fa oje ewé jáde, á kán an sínú àwo tí wọ́n ti gbin kòkòrò sí, á fi rúlà wọn ibi tí kòkòrò ò ti hù. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé náà lágbára, pé ó fi ẹ̀rí hàn fún ohun tí àwọn baba ńlá ń lò ó fún. Á gba ìwé ẹ̀rí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ mìíràn á tún dé, á tún béèrè nípa ewé kan náà, á sì tún ṣe nǹkan kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá da ọ̀pọ̀ lé e, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé ni yóò pa kòkòrò nínú àwo, ìyẹn kò sì sọ wọ́n di oògùn. Ìbéèrè tó le ń bẹ níwájú. Báwo ni ìwọ̀nba tó lè ṣiṣẹ́ ṣe kéré tó? Ṣé ó ń gba inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀? Kí ni ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà? Èwo gan-an nínú ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ewé náà ló ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí ìyá mi bá bi mí pé "Àwọn ọmọ ọjọ́sí, kí ni wọ́n rí nínú èèpo yẹn?" n kì í ní èsì, torí ibi tí ìbéèrè náà yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ti parí.

Ohun kan tún wà tí mo ń rí tí àwọn ọmọ yìí kì í kọ sílẹ̀, ó sì jọ mí lójú púpọ̀. Ìyá mi kì í dárúkọ ewé láìsọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n á ní èyí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omidùn kó di ọjọ́ kẹta. Èyí, ẹ sè é kó hó dáadáa. Èyí, ẹ má gbé e ka iná rárá, ẹ fi omi tútù gbo ó. Ọmọ náà á gbọ́ orúkọ ewé, á fi ìyókù sílẹ̀, á lọ da methanol lé e. Bẹ́ẹ̀ omidùn kan, ọ̀pọ̀ alkaloid, ìyẹn irú èròjà alágbára kan inú egbò, ni kì í sì í yọ́ dáadáa sínú omi lásán, tó jẹ́ pé omi kíkan ló ń fà á jáde. Obìnrin tó kọ́kọ́ rẹ egbò sínú omi ògì kò ka kẹ́mísìrì, àmọ́ ó ṣe àkíyèsí, àkíyèsí sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yín.

Ẹ wo Tu Youyou ní Ṣáínà. Ní 1969 ni wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ kan tó ń wá oògùn ibà lábẹ́ iṣẹ́ àṣírí ìjọba tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Wọ́n dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ egbòogi wò. Ewé qinghao ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá padà sínú ìwé tí oníṣègùn Ge Hong kọ ní ọ̀rúndún kẹrin, ó tún un kà. Ohun tí Ge Hong kọ ni pé kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n sè é. Ó wá yé Tu pé iná tí wọ́n fi ń sè é ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó lo ether, kẹ́míkà olómi kan tí ooru díẹ̀ tó fún, àti ní oṣù Kẹwàá 1971, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 191 sí lára pa gbogbo kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e mì fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Artemisinin nìyẹn, ìyá àwọn oògùn ibà tí mo ń tà lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Gbólóhùn kan nípa bí wọ́n ṣe ń lo ewé ló ṣí ìlẹ̀kùn náà. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń jábọ́ sílẹ̀ ní Bódè lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣà.

Asofẹ́yẹjẹ ńkọ́? Àwọn tó ń tọ́jú alárùn ọpọlọ nílẹ̀ wa ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo fi àwọn aláìsàn sínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Dókítà ará Kánádà kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Raymond Prince, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ reserpine láti ara ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà. Ó di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó di oògùn ọpọlọ, nígbà tó sì yá, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ti Áfíríkà di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ìmọ̀ tiwa kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run. Bí reserpine bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, ìrònú búburú lè bo aláìsàn mọ́lẹ̀. Òyìnbó wọn tiwọn ní mílígíráàmù. Tiwa ṣì jẹ́ ẹ̀kúnwọ́, ọwọ́ wa ò sì dọ́gba. Ẹ̀yin lẹ lè sọ iye tó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan, èyí tó wà nínú gbòǹgbò kékeré àti èyí tó wà nínú ti àgbà igi. Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣe ìyẹn nìkan, kó sì fún àwọn oníṣègùn ní ṣíbí tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá, ó ti gba ẹ̀mí là.

Mo ní òpin lè jẹ́ ìkìlọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ní Brussels ní ilẹ̀ Belgium ń lo egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà kí wọ́n lè jò. Kíndìnrín àwọn tó lé ní 100 nínú wọn bàjẹ́, àwọn kan sì ní jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ẹ̀yà Aristolochia kan ló ti bọ́ sípò ewé tó yẹ kó wà níbẹ̀, májèlé inú rẹ̀ ló sì ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Akọ igun tí wọ́n ń tà ní àwọn ọjà wa, Aristolochia ringens ni, ọmọ ìyá kan náà. Ìpalára rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ tí èèyàn mu ún. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, nítorí náà kò sí lẹ́kùlẹ́ja tó lè so ó pọ̀ mọ́ àgbo tó tà. Ojú kò lè rí i. Yàrá ìwádìí ló lè rí i. Agogo igun tún wà, tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ tirẹ̀, ewé mìíràn pátápátá ni, Heliotropium, àwọn alkaloid inú tirẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí èèyàn bá ń mu ún léraléra. Àwọn èèyàn ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ti akọ igun fún ìyá mi, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ lọ́jọ́ náà gan-an, wọn ò bá mi jiyàn. Àmọ́ àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì wọn ṣì ń tà á, torí wọ́n ní ọmọ ẹnì kan ló sọ ọ́, ìwé wo ló sọ ọ́? Mo gbà pé wọ́n jàre. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ní Yorùbá, lójú gbogbo wọn, kí ẹ mú èsì dání.

Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì ka ẹ̀yìn ìgò àgbo tí wọ́n fi nọ́ńbà NAFDAC sí, kó kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí ẹni tó ṣe é sọ pé ó ń wò. Wọ́n kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. Àwọn èèyàn rí nọ́ńbà, wọ́n rò pé ìjọba ti fọwọ́ sí i pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà yẹn àti oògùn gidi, ẹ̀yin ni wọ́n dá sílẹ̀ láti dí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ti ìpín tún kù. Rev. Ogunyale kì í ṣe "ẹnì kan tó fún wa ní ìsọfúnni". Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n bá a tọwọ́ bọ̀wé. Àdéhùn Nagoya tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ohun alààyè àti ìmọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn, kó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni í, kó sì fún wọn ní ìpín tó tọ́. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá tó pọ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú rẹ̀ ni pé "a ra ewé náà ní Ọjà Bódè, Ìbàdàn". Wọn ò rà á, wọ́n fún wọn ni, wọ́n sì fún wọn ní ìmọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ẹni tó kọ́ yín bá gbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ pé kò fẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wá, ẹ kọ bó ṣe ní kí ẹ lò ó. Àwọn àgbà ń di aláìsí pẹ̀lú àpòpọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dákẹ́ nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn kò ní padà wá. Ẹ lè sọ pé wọ́n ń fi ìmọ̀ pamọ́. Mo ti bá wọn jókòó pẹ́, ohun tí mo rí ni pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ ń yan iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yìí. Ẹ dákun, ẹ kó àwọn ewé àádọ́ta tó wà lórí ìwé yín jọ, kí ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn. Kí ọmọ tọdún yìí bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé tí ọmọ tọdún tó kọjá parí sí. Kí ẹ̀ka yín bá ti ìṣègùn sọ̀rọ̀, kí ẹ bá ti iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń bó èèpo dókítà igbó yíká títí igi á fi kú, bópẹ́bóyá kò ní sí èyí tí ẹ máa ṣèwádìí lé lórí. Owó tí ìyá mi fi ń ra àpò kan rẹ̀ ń lé sókè, ibi tí wọ́n sì ti ń gbé e wá ń jìnnà sí i. Kí ìwé àkékúrú kan ní Yorùbá, ojú ewé kan péré, máa bá iṣẹ́ àṣekágbá kọ̀ọ̀kan rìn, tó ń sọ ewé tí ẹ yẹ̀ wò, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ ò rí, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè kọ ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà má tíì yé òun náà.

Mo ti bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ lẹ́kùlẹ́ja wa ní Bódè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á fún yín láyè níbi ìpàdé àwọn, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ mú èsì tó wà lọ́wọ́ yín wá, ti rere àti èyí tí kò rere. Bó ṣe máa dùn létí kọ́ ni kí ẹ rò, èmi á wà níbẹ̀ láti bá yín túmọ̀ ohun tó bá le. Ìyá mi ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín pé akọ igun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí àwọn aládùúgbò wọn lọ́jà ṣì ń tà á lónìí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ oògùn,
Apòògùn kan ní Ìbàdàn, ọmọ lẹ́kùlẹ́ja Ọjà Bódè